Bí A Ṣe Ń Gbé Àbámọ̀ Kalẹ̀ Ká Lè Rójú Gbé Ìgbé Ayé Òní

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àbámọ̀ díẹ̀. Kì í ṣe irú èyí táwọn èèyàn máa ń sọ pé "gbàgbé ẹ̀ jàre, máa bá tìẹ lọ" o, torí ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ó jọ pé nǹkan ò tíì dùn ún dé egungun rí. Tó bá jẹ́ pé gbígbàgbé rọrùn bẹ́ẹ̀ ni, ta ló máa wà lórí bẹ́ẹ̀dì laago méjì òru, tí gbogbo ilé ti sùn, tí á máa ro ọ̀rọ̀ kan tó sọ sí èèyàn lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn, tí á tún máa tún un sọ lọ́kàn lọ́nà míì bí ẹni pé èyí tó ń sọ lẹ́ẹ̀kejì yìí ló máa dé etí onítọ̀hún?

Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ni bí èèyàn ṣe lè mú un ní ẹsẹẹsẹ. Àwọn ìgbésẹ̀ kan gùn, àwọn míì ò ju gbólóhùn mélòó kan lọ, bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn.

Ká tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fohùn ṣọ̀kan lórí nǹkan kan: àbámọ̀ fúnra ẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá. Mi ò fẹ́ràn àwọn tó máa ń fọ́nnu pé "èmi ò kábàámọ̀ nǹkan kan rí láyé mi". Ẹni tí kò bá kábàámọ̀ nǹkan kan rí, ẹ rọra bá a dòwò pọ̀. Àwọn àgbà ní bọ́mọdé bá ṣubú a wo iwájú, bágbà bá ṣubú a wẹ̀yìn wò. Àgbà ń wẹ̀yìn wò kó lè mọ ohun tó gbé e ṣubú ni, ẹnikẹ́ni ò sọ pé kó wá jókòó síbẹ̀ kó máa wo òkúta yẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ibi tí wàhálà ọ̀pọ̀ wa wà gan-an nìyẹn, a ti wẹ̀yìn wò, a ti rí òkúta, a mọ ohun tó fà á dáadáa, àmọ́ a ò tíì dìde.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ má fi agídí lé e lọ

Nǹkan tí gbogbo wa kọ́kọ́ máa ń ṣe ni ká ní "mi ò ní rò ó mọ́". Kì í ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1987, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Daniel Wegner, onímọ̀ nípa bí ọkàn èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́, òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣèwádìí ní káwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n má ronú kan béárì funfun rárá, tó bá sì wá sí wọn lọ́kàn kí wọ́n lu agogo. Agogo ò sinmi o. Èyí tó tún wá burú ni pé nígbà tí wọ́n wá ní kí wọ́n máa rò ó bó ṣe wù wọ́n, àwọn tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá lẹ́kun yìí rò ó ju àwọn tẹ́nikẹ́ni ò dá lẹ́kun látìbẹ̀rẹ̀. Béárì lásán nìyẹn o, tí kò kan bàbá ẹnikẹ́ni, ká má tíì sọ ti àfẹ́sọ́nà tẹ́ ẹ jẹ́ kó lọ tàbí owó tẹ́ ẹ fi ṣòfò.

Nítorí náà tó bá dé, ẹ pe orúkọ ẹ̀. Ẹ sọ ọ́ lọ́kàn, tàbí lẹ́nu tí kò bá sí èèyàn nítòsí, pé "ọ̀rọ̀ ilé ìwé yẹn ló tún dé yìí". Lẹ́yìn náà, ẹ dá àkókò fún un. Àwọn tó ń tọ́jú àwọn tí àníyàn ń bá fínra ti ń lo ọgbọ́n yìí láti bí ọdún 1983, kò sì le: ẹ mú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, àkókò kan náà, ibì kan náà, kó má ṣáà sún mọ́ ìgbà tẹ́ ẹ máa sùn. Ibẹ̀ ni gbogbo ìrònú yẹn á ti máa bá yín. Tó bá yọjú laago mẹ́wàá àárọ̀ tẹ́ ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan péré sínú fóònù yín, "ilé ìwé", ẹ sọ fún un pé ó di aago márùn-ún, ẹ padà sídìí ohun tẹ́ ẹ ń ṣe. Ó lè yọjú lẹ́ẹ̀mẹwàá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Kí aago márùn-ún yẹn wá dé, kẹ́ ẹ má sọ pé ó ti rẹ̀ yín o. Ẹ jókòó síbẹ̀. Ọkàn èèyàn kì í gba ìlérí ẹni tó máa ń yẹ̀ ẹ́, tẹ́ ẹ bá já a kulẹ̀ lónìí, kò ní dúró de aago márùn-ún lọ́la. Ní ti ohun tẹ́ ẹ máa ṣe láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn, òun ló kàn yìí.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ kẹ́ ẹ kọ ọ́ lọ́nà mẹ́ta

Ìwé àti bírò ni mo máa gbà yín níyànjú, kì í ṣe fóònù, torí fóònù á kàn gbé yín lọ síbòmíì láàárín ìṣẹ́jú méjì. James Pennebaker àti Sandra Beall ṣe ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1986, wọ́n ní káwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa kọ̀wé fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ọjọ́ mẹ́rin tẹ̀ léra, nípa ohun tó dùn wọ́n jù láyé. Àwọn tó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ pa pọ̀ mọ́ bó ṣe rí lára wọn, wọn ò lọ sí ilé ìwòsàn ilé ìwé tó àwọn yòókù láwọn oṣù tó tẹ̀ lé e. Àmọ́ kẹ́ ẹ mọ̀ o, lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́ gan-an, inú wọn ò dùn, ọkàn wọn wúwo sí i. Torí náà tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ tí omijé sì bọ́, kò túmọ̀ sí pé ẹ ń ṣe é lódì. Tó bá wá jẹ́ pé bẹ́ ẹ ṣe ń kọ ọ́ ló ń le sí i lójoojúmọ́ tí kò dẹ̀ rárá, ẹ dáwọ́ dúró, kẹ́ ẹ wá ẹnì kan tẹ́ ẹ máa jọ sọ ọ́.

Ọ̀nà mẹ́ta tí mo sọ rèé: ohun tí mo ṣe, ohun tí mo mọ̀ nígbà yẹn, ohun tí mo wá mọ̀ báyìí. Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, tí bàbá ẹ̀ pè é lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ kan tí kò gbé e, tí bàbá ọ̀hún sì kú mọ́jú. Ìwé tiẹ̀ lè rí báyìí:

"Ohun tí mo ṣe: Dádì pè mí láago mẹ́jọ alẹ́. Mo rí i tí fóònù ń dún. Mo yí ojú ẹ̀ dé, mo ní màá pè wọ́n padà láàárọ̀.

Ohun tí mo mọ̀ nígbà yẹn: Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pè mí. Ara wọn yá lọ́jọ́ Sunday tí mo lọ kí wọn, kódà wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Iṣẹ́ wà lọ́rùn mi tí mo gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ kó tó di ọ̀la.

Ohun tí mo wá mọ̀ báyìí: Pé ìpè yẹn ló kẹ́yìn."

Ẹ wo ìlà kẹta yẹn dáadáa. Kò sí bó ṣe lè wà nínú ìlà kejì. Láti ọdún wo lobìnrin yìí ti ń bú ara ẹ̀, ohun tó sì ń ṣe ni pé ó ń fi ìlà kẹta dá ẹni tó jẹ́ pé ìlà kejì nìkan ló ní lọ́wọ́ lẹ́bi. Bí ọpọlọ gbogbo wa ṣe máa ń tàn wá nìyẹn. Olùṣèwádìí kan tó ń jẹ́ Baruch Fischhoff fi èyí hàn lọ́dún 1975, ó fún àwọn èèyàn ní ìtàn ogun kan tó wáyé láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtàwọn Gurkha ní Nepal ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn kà, ó sọ fáwọn kan pé Gẹ̀ẹ́sì ló borí, ó sọ fáwọn míì pé Gurkha ni, ó tún sọ fáwọn kan pé ọ̀mì ni. Ó ní kí wọ́n wá ṣe bí ẹni tí kò mọ bí ogun ṣe parí, kí wọ́n sọ ibi tí wọn ì bá ti rò pé ó máa já sí. Ibi tó sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ni wọ́n ń rò pé ó ti hàn tẹ́lẹ̀. Tí èèyàn bá ti mọ òpin ọ̀rọ̀ tán, kì í rántí mọ́ bó ṣe ṣókùnkùn sí òun tó nígbà tí òun ò tíì mọ̀ ọ́n. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ kọ ìlà kejì yẹn sílẹ̀ nìyẹn, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ kún, ohun tó rẹ̀ yín, ohun tó ń bà yín lẹ́rù nígbà yẹn, ẹni tó ń gbà yín nímọ̀ràn, iye ọjọ́ orí yín, gbogbo ẹ̀.

Àmọ́ ẹ má lo èyí láti fi purọ́ fúnra yín o. Tí ohun tó wà nínú ìlà kejì bá jẹ́ "mo mọ̀ pé kò dáa, mo ṣe é bẹ́ẹ̀ náà", ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má yọ́ ọ kọ. Ẹ̀bi gidi nìyẹn, ó sì ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tán an.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ṣà á lẹ́sà

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ wo èyí tó jẹ́ ẹ̀bi yín, èyí tó kàn jẹ́ bí ayé ṣe rí, àti èyí tẹ́ ẹ fi ọwọ́ ara yín gbé lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ó máa yà yín lẹ́nu bí èyí tó kẹ́yìn yẹn ṣe pọ̀ tó. Ọmọ táwọn òbí ẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀ tó ṣì ń rò ó lógójì ọdún pé ká ní òun mọ̀wé ni wọn ò ní jà, ẹ̀bi ta ni? Ẹ dá a padà fún àwọn tó ni ín.

Nínú èyí tó jẹ́ tiyín gan-an, ìyàtọ̀ kan tún wà. Thomas Gilovich àti Victoria Medvec tí wọ́n ṣèwádìí lórí àbámọ̀ láàárín àwọn ọdún 1990 rí i pé láìpẹ́ ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ohun tá a ṣe ló máa ń dùn wá jù, àmọ́ tí èèyàn bá wo gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ lẹ́yìn, ohun tí kò ṣe ló máa ń pọ̀ jù níbẹ̀. Ìwé tí mi ò kà, ẹni tí mi ò sọ fún pé mo fẹ́ràn ẹ̀, iṣẹ́ tí mo bẹ̀rù láti gbà. Ó sì nídìí. Ohun téèyàn ṣe lópin, ó ṣẹlẹ̀, ó parí, èèyàn lè bẹ̀bẹ̀, ó lè dá owó padà, ó lè fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ohun téèyàn ò ṣe ò lópin, bó ṣe wù yín lẹ lè ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ tó lọ́kàn yín, iṣẹ́ tẹ́ ẹ ò gbà yẹn kò ní ọ̀gá burúkú kankan nínú ìrònú yín, ìgbéyàwó tẹ́ ẹ ò ṣe yẹn kò ní ìjà kankan nínú.

Torí náà, èyí tẹ́ ẹ ṣe, ẹ lọ sí ìgbésẹ̀ kẹrin. Èyí tẹ́ ẹ ò ṣe, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan: kí ni mò ń wá gan-an nínú nǹkan yẹn? Ẹni tó ń kábàámọ̀ pé òun ò di dókítà, ó lè jẹ́ pé títọ́jú èèyàn ló ń wù ú, ó sì lè jẹ́ pé kí ìyá òun fi òun yangàn ló ń wá, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Tẹ́ ẹ bá ti mọ ohun tó wà nídìí ẹ̀, ẹ wá bóyá ó ṣì ṣeé rí ní kékeré lọ́dún yìí. Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ẹni tí kò kọ́ dùùrù ní kékeré lè kọ́ ọ lẹ́ni àádọ́ta ọdún kó sì máa fi gbádùn ara ẹ̀ nínú yàrá, wọn ò ní gbà á síbi tí àwọn ògbóǹtarìgì ti ń lù ú, lóòótọ́, àmọ́ orin á ṣáà dún lábẹ́ ìka ẹ̀. Tí kò bá wá ṣeé rí mọ́ rárá, bí ọmọ tó yẹ kẹ́ ẹ bí tí ọjọ́ orí ti kọjá, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi àbá tó dùn létí bo ọ̀fọ̀ yẹn mọ́lẹ̀. Ọ̀fọ̀ ni. Ẹ ṣọ̀fọ̀ ẹ̀, ẹ sunkún ẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó lè gbọ́ ọ láì tètè máa tù yín nínú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ san èyí tó ṣeé san

Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sá fún, tí wọ́n á kàn máa gbàdúrà káàkiri kí ọkàn wọn balẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé mẹ́sẹ́ẹ̀jì kan ṣoṣo ló kù tí wọn ò tíì fi ránṣẹ́. Àdúrà dáa o, mi ò bá a jà, àmọ́ owó tẹ́ ẹ jẹ lọ́rẹ̀ẹ́, àdúrà ò ní bá yín san án. Tó bá jẹ́ owó ni, ẹ pe onítọ̀hún, ẹ sọ iye tẹ́ ẹ lè máa san lóṣù, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ lóṣù yẹn. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ lẹ sọ, ẹ bẹ̀bẹ̀. Wo bí ẹnì kan ṣe lè kọ ọ́ sí ẹ̀gbọ́n ẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí yín níwájú ìyàwó yín lọ́jọ́ tá a pàdé lórí ọ̀rọ̀ ilé bàbá wa, kò yẹ kó tẹnu mi jáde. Mo pè yín lólè, mo sì mọ̀ pé ẹ kì í ṣe olè. Mo dójú tì yín, mo tún wá jẹ́ kó pẹ́ tó báyìí kí n tó bẹ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Ẹ ò ní láti dá mi lóhùn o. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ká ríra, ibi tẹ́ ẹ bá ní kí n wá ni màá wá. Èmi àbúrò yín ni."

Ẹ rí i pé ó dárúkọ ohun tó ṣe, kò sọ pé "tí mo bá ti ṣẹ̀ yín lọ́nà kan tàbí òmíràn". Ẹ̀bẹ̀ tó bá ní "tí mo bá" nínú, ẹ̀bẹ̀ kọ́ nìyẹn, ìbánigbófò ni. Kò sí "àmọ́ ẹ̀yin náà" níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó dá mi lójú pé ẹ̀gbọ́n náà ní ẹ̀bi tiẹ̀. Kò sì ní kí wọ́n dárí ji òun kó tó di ọjọ́ báyìí. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ tán, ẹ gbé fóònù sílẹ̀, ẹ má máa wò ó lórí bóyá wọ́n ti kà á. Wọ́n lè má fèsì. Ìpín tiyín lẹ ti ṣe yẹn, èyí tó kù, àwọn ló ni ín.

Ẹ̀bẹ̀ kan wà tí kò yẹ kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ o. Tí onítọ̀hún bá ti ní kẹ́ ẹ má kàn sí òun mọ́, ẹ bọ̀wọ̀ fún un. Tó bá jẹ́ pé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ jẹ́wọ́ máa tú ilé ẹlòmíì ká kí ọkàn tiyín lè fúyẹ́, ẹ kọ́kọ́ bá ẹnì kan tó gbọ́n sọ ọ́ ná. Tó bá sì jẹ́ pé ẹni náà ti kú, bí ti bàbá obìnrin yẹn, ẹ kọ lẹ́tà sí i, ẹ kà á sókè, kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn ara yín tó ń kà á. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ẹnì kan tó ṣì wà láàyè tẹ́ ẹ lè ṣe fún, ohun tẹ́ ẹ ò ráyè ṣe fún olóògbé. Obìnrin yẹn lè sọ ọ́ di àṣà láti máa gbé fóònù tí àbúrò bàbá ẹ̀ bá pè, ìṣẹ́jú mẹ́ta náà tó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ bá "ká ní" dé òpin ẹ̀

Àwọn olùṣèwádìí kan lo fídíò ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 1992 tó wáyé ní Barcelona, wọ́n ní káwọn èèyàn máa wo ojú àwọn eléré ìdárayá nígbà tí èsì jáde àti nígbà tí wọ́n ń gbàmì ẹ̀yẹ. Ojú àwọn tó gba fàdákà, tí wọ́n ṣe ipò kejì nínú gbogbo ayé, kò dùn tó ojú àwọn tó gba idẹ. Ẹni tó gba fàdákà ń wo wúrà, "ká ní mo tún sáré díẹ̀ sí i". Ẹni tó gba idẹ ń wo àwọn tó lọ sílé lọ́wọ́ òfo, ó ní ọpẹ́lọpẹ́.

"Ká ní" tiwa náà, ibi tó ti dáa jù la máa ń dá a dúró sí. Ká ní mo fẹ́ ẹni àkọ́kọ́ yẹn ni, inú mi ì bá dùn. Ẹ má dá a dúró síbẹ̀. Ẹ bá a lọ: ẹ ti fẹ́ra, ó di ọdún karùn-ún, kí ló ń bí yín nínú lára ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi ara yín sílẹ̀? Ṣé ó ti lọ? Àwọn ọmọ tẹ́ ẹ ní báyìí, ṣé wọn ì bá wà? Lẹ́yìn náà ẹ yí i padà, ẹ ronú nípa ibi tí ọ̀rọ̀ ì bá burú dé. Ẹni tó fi mọ́tò gbá ògiri torí pé ó ń tẹ fóònù, tó wá ń fojoojúmọ́ ro mọ́tò tó bàjẹ́, ó yẹ kó tún ro ọmọdé tí ì bá máa kọjá níbẹ̀ tí kò sì kọjá.

Èyí tó bá kù lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ẹ sọ ọ́ di "tó bá tún". Kì í ṣe "màá yí padà", ìyẹn ò di nǹkan kan mú. Ẹ dárúkọ àkókò àti ohun tẹ́ ẹ máa ṣe: "Tó bá tún di pé mo jókòó sídìí mọ́tò, fóònù á ti wà nínú báàgì lẹ́yìn kí n tó yí kọ́kọ́rọ́." "Tí inú bá tún bí mi sí ọmọ yìí, màá kọ́kọ́ jáde kúrò nínú yàrá kí n tó la ẹnu." Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé yẹn. Ohun tí àbámọ̀ wá sọ fún yín nìyẹn, ẹ sì ti gbà á lẹ́nu ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà, kò gùn: ẹ pe orúkọ ara yín

Tẹ́ ẹ bá ń bá ara yín sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí, ẹ yé sọ "mo", ẹ lo orúkọ yín. "Bọ́lá, kí ló dé tó o fi ń bú ara ẹ tó báyìí?" Ó lè pa yín lẹ́rìn-ín. Olùṣèwádìí kan tó ń jẹ́ Ethan Kross àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ti fi hàn pé àwọn tó ń fi orúkọ ara wọn bá ara wọn sọ̀rọ̀ lásìkò tí nǹkan le máa ń tètè rí ọ̀rọ̀ ọ̀hún bí ẹni tó dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ohun tẹ́ ẹ ò lè sọ sí àbúrò yín tó ṣe irú àṣìṣe yẹn, ẹ má sọ ọ́ sí ara yín.

Ìgbésẹ̀ keje: bí wọ́n ṣe ń padà sí òní

Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé "máa gbé òní", wọn kì í sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Lọ́dún 2010, Matthew Killingsworth àti Daniel Gilbert gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi fóònù ṣe, wọ́n ń bi àwọn àgbàlagbà 2,250 léèrè nígbàkigbà láàárín ọjọ́ pé kí lẹ ń ṣe, kí lẹ ń rò, báwo ni inú yín ṣe rí. Nǹkan bí 47 nínú 100 ìgbà ni ọkàn wọn kì í sí níbi ohun tọ́wọ́ wọn ń ṣe. Inú wọn kì í sì í dùn tó ìgbà tí ọkàn wọn wà níbẹ̀, kódà tó bá jẹ́ iṣẹ́ tí kò gbádùn mọ́ni rárá ni wọ́n ń ṣe. Torí náà kò pọn dandan kẹ́ ẹ lọ sórí òkè lọ jókòó. Àwo tó kún inú síǹkì yẹn náà tó.

Ẹ dúró nídìí ẹ̀. Ẹ tan omi, ẹ jẹ́ kó kan ẹ̀yìn ọwọ́ yín, ṣé ó tutù ni àbí ó lọ́wọ́ọ́rọ́? Ẹ mú àwo kan. Ẹ wo ibi tó ti sán. Ẹ gbọ́ bí kànrìnkàn ṣe ń dún lára ẹ̀, ibi tó ti ń yọ̀ àti ibi tó ti ń há, ẹ fi ìka yẹ abẹ́ ẹ̀ wò bóyá ọ̀rá ṣì kù. Láàárín àwo kejì sí ìkẹta, ọkàn yín á ti wà nínú ìjà ọdún 2015, mo fi dá yín lójú. Kò burú. Ẹ ṣáà sọ pé "mo ti lọ", kẹ́ ẹ padà sórí àwo. Ẹ má bínú síra yín, ẹ má kà á sí ìjákulẹ̀, torí pípadà yẹn gan-an ni iṣẹ́ tá à ń ṣe níbẹ̀, ẹni tó lọ lógún ìgbà tó padà lógún ìgbà ti ṣe é dáadáa. Nǹkan kan lójúmọ́ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, àwo, tàbí ìwẹ̀, tàbí rírìn láti ilé dé ibi tẹ́ ẹ ti ń wọ mọ́tò, láìfi nǹkan sétí.

Tó bá wá jẹ́ pé ó kọ lù yín lójijì, tí àyà ń já, tí ara ń gbóná, ẹ tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, ẹ dárúkọ nǹkan márùn-ún tẹ́ ẹ rí, mẹ́rin tẹ́ ẹ lè fọwọ́ kàn, mẹ́ta tẹ́ ẹ gbọ́, méjì tẹ́ ẹ gbọ́ òórùn ẹ̀, ọ̀kan tẹ́ ẹ tọ́ wò lẹ́nu. Ẹ mí sínú, kẹ́ ẹ wá mí síta kó gùn ju èyí tẹ́ ẹ mí sínú lọ.

Ẹ tún wo fóònù yín o. Facebook máa ń gbé fọ́tò àtijọ́ wá fúnra ẹ̀ láàárọ̀ kùtù, ẹ lè lọ síbi ètò ẹ̀ kẹ́ ẹ ní kó má gbé ti ẹni báyìí tàbí ọjọ́ báyìí wá mọ́. Ẹni tẹ́ ẹ ti kọ ara yín sílẹ̀ tẹ́ ẹ ṣì ń lọ wo ojú ìwé ẹ̀ lálaalẹ́, mi ò mọ ohun tí mo tún fẹ́ sọ fún yín lórí ìyẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò jàre.

Ìgbà tí kò yẹ kẹ́ ẹ dá a ṣe

Gbogbo ohun tí mo kọ yìí, àbámọ̀ lásán ló wà fún. Tó bá ti lé lọ́sẹ̀ méjì tí nǹkan kan ò wù yín ṣe mọ́, tí oorun ò wá tàbí tó jẹ́ pé ẹ kàn ń sùn ṣáá, tí oúnjẹ ò lọ, tẹ́ ẹ ń rí ara yín bí ẹni tí kò wúlò fún ohunkóhun, ó ti lè di àìsàn, ó sì lóògùn, ẹ lọ rí dókítà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí tó bá jẹ́ ìwà ipá tàbí jàǹbá ni, tó ń padà wá bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ lójú yín, tẹ́ ẹ ń gbọ́ ariwo ẹ̀, tẹ́ ẹ ń jí tẹ́ ẹ ń làágùn. Ẹ má jókòó kọ ìyẹn sínú ìwé ní ẹ̀yin nìkan. Tó bá sì ti dé ibi tẹ́ ẹ ti ń rò ó pé ó sàn kẹ́ ẹ má sí láyé, ẹ má dúró de ọ̀la, ẹ sọ ọ́ fún ẹnì kan lónìí yìí, ẹ jẹ́ kó tẹ̀ lé yín lọ sílé ìwòsàn. Ẹ ò sọ ara yín di ẹrù sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

Tó bá padà wá ńkọ́?

Á padà wá. Ohun tó máa yí padà ni bó ṣe máa pẹ́ tó lọ́dọ̀ yín. Tí ohun tó gbé wá bá jẹ́ èyí tẹ́ ẹ ti kọ sílẹ̀, ẹ ka ìwé yẹn lẹ́ẹ̀kan, ẹ pa á dé. Ẹ má tún bẹ̀rẹ̀ látorí ìgbésẹ̀ kìíní, ẹ má tún bẹ̀ ẹni tẹ́ ẹ ti bẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó máa ń sú àwọn èèyàn, tiyín lẹ sì ń wá níbẹ̀, kì í ṣe tiwọn.

Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ọjọ́ kan wà nínú ọdún tó máa ń gbé e wá, ọjọ́ tẹ́nì kan kú, ọjọ́ tí ìgbéyàwó tú, ọjọ́ tí ì bá jẹ́ ọjọ́ ìbí ọmọ kan. Ẹ mọ ọjọ́ yẹn ṣáájú, ẹ fi àmì sí i lórí kàlẹ́ńdà. Ẹ má fi ìpàdé tó le sí i, ẹ má ṣe ìpinnu ńlá kankan lọ́jọ́ náà, ẹ sì sọ fún ẹnì kan ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú pé "ọjọ́ Tuesday tó ń bọ̀ yẹn máa ń le fún mi, jọ̀ọ́ pè mí nírọ̀lẹ́".